Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ẹsẹ̀ Tẹjúmádé

Gbọ́ládé ọmọ mi,

Mo kí ọ nínú òtútù yẹn. Mo kí onílé rẹ àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ara mi le ní Ọ̀kà níbí, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Iṣu ta dáadáa. Déwùnmí ìyàwó rẹ kò jẹun kánú.

Ọ̀rọ̀ Tẹjúmádé ọmọ yín ni mo fi kọ̀wé. Wọ́n ní o sọ pé kí dókítà Ìkàrẹ́ tètè gé ẹsẹ̀ rẹ̀, torí fọ́tò eegun tí wọ́n yà fi kókó kan hàn létí eegun itan tó jọ jẹjẹrẹ. Má fọwọ́ sí i!

Dókítà bi ìyàwó rẹ bóyá ẹnikẹ́ni ti wọ́ ibẹ̀ látìgbà tí Tẹjúmádé ti ṣubú. Ó ní, "Rárá, sà." Ẹ̀rù èébú ló ń bà á. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n n kì í purọ́. Mo ní, "Irọ́ ni! Àràárọ̀ ni teguntegun ń fi òrí wọ́ ọ, tọ́mọ ń ké."

Déwùnmí ní, "Ìyá, ẹ dákẹ́!"

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ọ́. Ẹran ara tó ṣèṣe, tí wọ́n tún ń wọ́, lè di eegun, kó jọ jẹjẹrẹ." Ó ní òun á tún ya fọ́tò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ti wíwọ́ ni, etí kókó náà á kọ́kọ́ le bí èèpo ẹyin. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn á mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Pe dókítà fúnra rẹ, kí o sì fowó fọ́tò ránṣẹ́. Mo ti lé teguntegun. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, èmi fúnra mi ni màá mú un lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a gé kì í hù.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbẹ̀ fún mi. Bá wa gbàdúrà kí etí kókó náà le.

Èmi ìyá rẹ,
Iyìọlá