Mo Padà Lọ Sọ Bó Ṣe Rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kọkànlá, 2005

Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ lónìí. Sóṣà wọ́kà tó ń bá wa wá àyè fún Bàráká ọmọ mi nílé ìtọ́jú tí yóò máa gbé, bi mí pé báwo ni ọmọ náà ṣe ń ṣe nílé. Mo ní, "Thank God, she's grand," bí àwọn òyìnbó ibí ṣe máa ń sọ pé nǹkan dáa.

Àbí ta ni wọ́n ń bi léèrè ọmọ tó máa ní kò dáa? Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Obìnrin náà ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, á dáa kí wọ́n fi àyè náà fún ọmọ mìíràn.

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo dé ibùdókọ̀ Blanchardstown, ojú ibi tí Bàráká ti gé mi jẹ lọ́wọ́ ṣì ń ta mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ti àbúrò ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tó bá tún tì í...

Mo padà. Mo ní, "Sorry, she's not grand at all." Mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo sọ ti àtẹ̀gùn. Ó fa àga fún mi, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi á ní mo gbé ọmọ fún òyìnbó. Kí wọ́n máa wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn sóṣà wọ́kà ń bọ̀ wá wo ilé wa. Ọkọ mi ti gbé òòlù, ó fẹ́ tún ilẹ̀kùn tí Bàráká fi ẹsẹ̀ fọ́ ṣe.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."