Yàrá Tó Kọjú sí Omi

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní

Mo rí ilé kan lónìí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ojú ọ̀nà Boni ni, létí adágún. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná lẹ́yìn, igi máńgòrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó dojú kọ omi. Kò tóbi jù, kò kéré. Ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀, mi ò rí òdìkejì, àfi ohùn àwọn apẹja tí mò ń gbọ́. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé mi kúrò ní Pọ́bẹ̀ẹ́ wá ṣe tíṣà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé onílé ni mò ń gbé. Inú yàrá méjì ní àdúgbò Plateau níbí ni Chimène ọmọ mi dàgbà sí. Kò kan ìṣó mọ́ ògiri rí láyé ẹ̀. Onílé ò gbà.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kìíní

Bàbá tó fẹ́ ta ilé — Kamarou lorúkọ wọn. Nínú ìwé yìí, Bàbá Olómi ni mo máa pè wọ́n. Faïzatou ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ Parakou, torí àwọn nìkan ló ń dá gbé níbẹ̀ látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú.

Wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n ń pè mí ní mètìrẹ́sì bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń pe tíṣà wọn, wọ́n wá mú mi dé abẹ́ máńgòrò. Sàréè kan, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n gbá yíká rẹ̀ mọ́ tónítóní.

“Ramatou nìyí, mètìrẹ́sì. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wú u. Àwọn tó wá wo ilé ṣáájú yín, ibi tí wọ́n dé nìyí tí wọ́n fi padà.”

Mo ní èmi ò padà. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní, “Bàbá, èmi náà mọ bí èèyàn ṣe ń dúró de ẹni tí ò sí nílé.”

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kìíní

Ará Gàbọ́n pè — Barthélemy, ọkọ mi. Káfíńtà ni, ní Libreville. Ilé àwọn ẹlòmíì ló ń kàn lórùlé níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn máàsì, ni tiwa lórí fóònù.

Mo ròyìn ilé náà fún un. Inú ẹ̀ dùn! Ó bi mí bóyá ẹja wà nínú adágún, bóyá òrùlé ń jò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo wá dárúkọ sàréè.

“Olúwakẹ́mi, èmi ò lè sùn ti òkú olókùú o.”

Èmi alààyè ńkọ́? Ta ló ń sùn tì mí? — Mi ò sọ ọ́ fún un. Ibí ni mo sọ ọ́ sí.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kìíní

Mo tún lọ. Mo purọ́ fún Chimène pé ọjà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kejì

Mo mú Chimène dání. Ó sáré wọ yàrá gbogbo, ó mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó ní òun á máa gbóòórùn oúnjẹ láti orí ibùsùn. Mo ní èyí tó kọjú sí omi, ti Pàpá ẹ nìyẹn. Ibùsùn níbí. Irinṣẹ́ ẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Mo ń nàka, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹrù ti wà nílẹ̀.

Chimène gbọ́ mi tán. Ó ní, “Màmá, tí kì í bá ṣe nínú fóònù, báwo ni ohùn Pàpá ṣe rí?”

Mo ní ká máa lọ, òrùn ti ń wọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì

Ó GBÀ. Ó ní òun rò ó, òun wá rí i pé òkú tí wọ́n tọ́jú dáadáa kì í yọni lẹ́nu. Ó ní kí n rà á. Ó ní tó bá di Àjíǹde òun á wálé. Orin ni mo fi fọ gbogbo aṣọ ilé, títí kan èyí tó mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Ó ti parí. Lójú ṣẹ́fù, olórí àdúgbò. Faïzatou wá láti Parakou, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe, ó di ọwọ́ bàbá ẹ̀ mú. Wọ́n ta tàdáwà sí Bàbá Olómi látàǹpàkò. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Tàdáwà gbẹ. Wọ́n tún un ta. Bàbá wá tẹ̀ ẹ́.

Ṣẹ́fù bi mí pé ọkọ dà. Mo ní ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dán lẹ́nu mi bí ọmọrí odó.

Kí wọ́n tó wọkọ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, wọ́n bá Ramatou sọ̀rọ̀. Mo gbé ojú kúrò. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kejì

A ti kó wọlé. Chimène kan ìṣó mọ́ ògiri káàkiri, kò tilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ gbé kọ́.

Mo tẹ́ ibùsùn sí yàrá tó kọjú sí omi. Aṣọ tuntun. Mo pa ilẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹta

Ará Gàbọ́n ò ní wá ní Àjíǹde. Wọ́n gba iṣẹ́ ńlá kan ní Libreville. Bóyá Kérésì.

Mo ní kò burú.

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo omi títí mi ò fi rí i mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Mo ti iléèwé dé, mo bá Bàbá Olómi lábẹ́ máńgòrò! Eruku lára, àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ètè gbẹ — ààwẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọ́n wọkọ̀ láti Parakou, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

“Mètìrẹ́sì, ẹ má bínú. Mi ò wá gba ilé yín. Mo kàn jáde pé kí n na ẹsẹ̀ ni, mo bá ara mi níbùdókọ̀.”

Mo pe Faïzatou. Ó ti ń wá wọn kiri láti àárọ̀, ẹkún ni mo gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣe ààwẹ̀ yìí tán lọ́dọ̀ wa. Ó ní, “Àǹtí, ṣé wọn ò ní yọ yín lẹ́nu?” Mo ní ìyọnu wo.

Mo po ògì, mo din àkàrà fún ìṣínu. Chimène bu omi àlùwàlá. Ibùsùn kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ilé. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Ará Gàbọ́n pè. Bàbá wúkọ́ nínú yàrá. Ó gbọ́ ọ.

“Ọkùnrin wo nìyẹn?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní inú yàrá wo. Mo ní èyí tó kọjú sí omi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu, ti ọdún gbọọrọ. Kò jà. Ohùn tó wá jáde kéré bíi ti ọmọdé.

“Tí mo bá wá dé, níbo ni wàá gbé mi sùn?”

Kò bèèrè irú ẹ̀ rí. Ojú tì mí lójijì. Èmi fúnra mi ni mo ń tẹ́ ibùsùn àlejò fún ọkọ mi.

“Lọ́dọ̀ mi,” mo ní. “Níbo tún ni?”

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ wálé máa ń gbéra níbí.”

Mi ò bi í pé Jímọ̀ wo.