Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí O Bèèrè

Harobanda, Niamey.

Nùsáybà ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Kí Ọlọ́run fi Èkó ṣe ibi ire fún ọ. Èmi náà wà níbí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ ire, bí méjì lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni pè wá wò wọ́n, èmi nìkan ni mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dìde.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Hàdìzà, aládùúgbò wa tó ń ta káàdì ìpè, ti dé etí mi. O ní wọ́n fẹ́ dán yín wò níbi iṣẹ́, kí n sọ ìtumọ̀ "languish" fún ọ, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Inú mi dùn. Látìgbà tí mo ti parí girama ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kan rí ní ìlú yìí.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí agbára máa tán lára díẹ̀díẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wojú ẹni. Kì í ṣe lójijì. Ẹni tí mọ́tò kọ lù kò languish. A kì í sì í ṣe é fún ẹlòmíràn, fúnra ẹni ni, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Olùkọ́ wa a máa ní ẹni tí kò lè fi ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn kò tíì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà: Ewéko tí a kò bomi rin ń languish. Ẹlẹ́wọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò ń languish. Mo kọ ẹ̀kẹta, mo sì pa á rẹ́, torí orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyí. Bí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ, mo rí igi kéékèèké mẹ́rin lórí fóònù náà, ọ̀kan péré ló ní àwọ̀, ohùn rẹ sì ń já. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n agbára rẹ ni. Mo sọ fún Hàdìzà pé ọmọ mi ti rù, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Bàbá, résò ni o, nẹ́tíwọ̀kì fóònù, kì í ṣe Nùsáybà. Ó ṣe tán, kò kàwé. Lọ́jọ́ kejì mo yá fóònù náà, mo rìn lọ sẹ́sẹ̀ afárá Kennedy. Bí mo ṣe ń sún mọ́ odò ni igi ń pọ̀ sí i, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin! Ara rẹ ti yá! Mo jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń wò ọ́. N kò pè ọ́, kí n má baà lò nínú agbára náà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ báyìí, nítorí bí mo bá jókòó sílé, igi kan péré lo máa ń ní. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò fẹ́ ìrìn náà mọ́. Jọ̀wọ́, fi owó tasí díẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sì lè wá nígbà Iléyá, fi owó náà wọ mọ́tò wálé, n kò ní béèrè òmíràn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí agbára rẹ dín. Wàá yege níwájú wọn.

Mo ti tún gbólóhùn kẹta kọ, kí o fi sínú ìdánwò rẹ: Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ kì í languish.

Bàbá rẹ,
Sàláúdéènì