Ìyá Olóngbò Inú Ìwé Bàbá Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Ìwé aláwòrán pẹlẹbẹ kan wà tí kò ju owó bisikíìtì lọ, tí bàbá mi máa ń kà fún wa ní kékeré. Olóngbò inú rẹ̀ ń wá ìyá rẹ̀ kiri, àwa náà á máa sunkún.

Mo rí ìwé yẹn gan-an rà fún ọmọbìnrin mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á, ẹja ni olóngbò ń jí! Àṣé bàbá mi ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, àwòrán ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń hun ìtàn.

Ọmọ mi ní òun máa ka “èyí tó tọ̀nà” fún bàbá àgbà ní Sátidé. Ṣé kí n jẹ́ kó kà á, àbí kí n gbé e pamọ́? Orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí i, torí èmi alára ṣì ń ṣí ìwé yẹn, mò ń wá ìyá olóngbò.