Ọwọ́ Tí Mo Fi Kí Káfíńtà Káàbọ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn ọmọ? Kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ ní ìgboro tí kò mọ ọmọ ẹnì kankan yẹn. Ní tèmi, orúnkún ṣì ń dùn mí, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ológbò ìyá rẹ sì ti bímọ sínú àpótí ìwé mi. Ìròyìn tó dára nìyẹn. Èyí tó kù kò dára.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì kúrò nípò ọ̀gá ilé-ìwé, èmi ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀ sí Mísà. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin méjì láti kánsù wá dúró tì mí, wọ́n ní kánsù fẹ́ mọ àwọn àlejò tó wà láàrin wa. Ọ̀kan gbé fóònù sókè. Mo rò pé ó ń gbé Mísà sórí afẹ́fẹ́ fún àwọn aláìsàn tí kò lè wá ni, mo tún kọ́là mi ṣe, mo ń rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ará òdìkejì ibodè ṣe ń wọlé ni mò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mò ń pariwo pé ẹ wo káfíńtà wa, àlejò ni, òun ló kan àga tí ẹ ó jókòó sí yẹn! Mo tilẹ̀ ní kó yíjú sí fóònù kí àwọn aláìsàn lè rí i dáadáa.

Nígbà tí Mísà parí, ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè ti wà níta. Gbogbo ẹni tí mo bọ̀ lọ́wọ́ tí kò ní ìwé ìgbélùú ni wọ́n kó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Fadá wàásù pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ibodè, Ìjọ kò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n kánsù tó ń fún ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ó bá tún di ẹni tí ń mú èèyàn, ta ni yóò gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ bá a? Ó ní Jésù gan-an ṣe àjèjì ní Íjíbítì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá Òfin, bí a ṣe ń pe ìyàwó akọ̀wé kánsù, fò dìde, ó ní ṣé Fadá fẹ́ kí ọkọ òun jókòó sílé ni, òfin ni òfin! Fadá ní kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó kàn má ṣe iṣẹ́ aṣọ́bodè mọ́ ọn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń kùn. Èmi tẹjú mọ́lẹ̀.

Òótọ́ ni Fadá sọ. Ìyàwó káfíńtà àti ọmọ rẹ̀ wà nínú yàrá rẹ báyìí. Ibà ń ṣe ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í dé ilé ìwòsàn kánsù. Àràárọ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé Ọlọ́run ló fi bàbá rere ta òun lọ́rẹ. Kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀.

Mo pe ibi tí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó tún ní kí n tẹ ení. Ọkàn obìnrin yẹn le.

Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún Fadá. Ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n lọ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ahọ́n mi kọ̀, èmi tí mo máa ń nà yín nítorí irọ́ kékeré. Ẹ dárí ìyẹn náà jì mí.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́. Fi ti òrùlé sílẹ̀; ti dókítà tí kò ní í bèèrè ìwé ni, àti ti lọ́yà. Kí o sì lọ wo káfíńtà níbi tí wọ́n tì í mọ́ ní ìgboro yín níbẹ̀. Sọ fún un pé bàbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló bí ọ. Bí ó bá na ọwọ́, gbà á fún mi. Bí kò bá nà á, má bínú, gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí o máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run má sọ ọ́ di àjèjì níbi tí wọn kò ti ní í ṣílẹ̀kùn fún ọ. Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Bí mo bá ti lẹ lẹ́tà yìí tán, n óò lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.