Ìwé Tó Wà Nínú Àpótí Ẹ̀rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá, 2025

Kílíníìkì àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, àga kékeré pupa ni wọ́n ní kí n jókòó lé. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo fáìlì, ó ní, "Màmá Fọláyọ̀, ọmọ dà?" Mo ní èmi ni Fọláyọ̀. Ó tún yọjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá mo pọn nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kílíníìkì àwọn àgbà sọ pé àìsàn ọkàn tí wọ́n bá bí mọ́ni, ti ọmọdé ni, kí n lọ bá àwọn ọmọdé. Kílíníìkì àwọn ọmọdé náà ní mo ti dàgbà jù. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó retí pé irú wa máa dàgbà.

Dókítà kan ló ṣàánú mi. Dókítà Mùnírátù. "Ẹ rọra" ló ń sọ sí gbogbo nǹkan – ẹ rọra dùbúlẹ̀, ẹ rọra mí. Mo ti sọ ọ́ ní Dókítà Rọra. Ó fi ẹ̀rọ wo àyà mi fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: ilẹ̀kùn inú ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kò padé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn padà. Apá ọ̀tún ọkàn ti wú. Àfi kí wọ́n fi ilẹ̀kùn mìíràn sí i, kó má baà pẹ́ jù.

Mo ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Íńdíà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, pé wọ́n ní ó ti tán. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà gan-an lòun fẹ́ mọ̀. Ìwé iṣẹ́ abẹ náà dà?

Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí nígbà tí mo sọ ọ́ fún Dókítà Rọra, ó ní kí n tún un sọ.

Ìjọ wa l'Ókè-Ogbó ló rán èmi àti Màámi lọ sí Íńdíà ní 1999. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá jẹ́rìí ìwòsàn, ìwé ọsibítù rẹ̀ á wọ inú àpótí ẹ̀rí. Ojúlówó ìwé o, kì í ṣe ẹ̀dà. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú Oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìdúpẹ́ tiwa. Alàgbà Lágúnjú á ṣí àpótí, á gbé ìwé mi sókè, á ní, "Ẹ wo ọmọ tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró!" Màámi á jó. Èmi á yí po kí gbogbo ìjọ rí mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń yí po. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé náà. Gbígbé sókè ló wà fún.

Ọwọ́ Alàgbà ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Kọ́kọ́rọ́ lèmi ń pe Alàgbà nínú ìwé yìí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlódè nípa ọkàn. Mo ya ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ya àwọn ilẹ̀kùn. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé kíláàsì náà, mo dúró lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ rò pé apẹ́lẹ́yìn ni mo ń ṣọ́. Ẹ̀rù mi wá ń bà wọ́n gan-an báyìí. Ó kúkú dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo bá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ìsìn. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní dókítà ń béèrè ìwé mi. Ó ní, "Ohun tí a bá ti fi fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kàn fi fóònù yà á. Ó ní a kì í ṣí àpótí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé mo mọ iye ọkàn tí ẹ̀rí mi ti fà wá sínú ìjọ? Kí ni kí òun sọ fún wọn, pé Ọlọ́run ṣe é ní ààbọ̀?

Màámi dúró tì wá. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò. "Fọláyọ̀, jẹ́ ká máa lọ" – gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo ní ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí Olúwa bá ti wò sàn, dókítà ò gbọdọ̀ tún un wò. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì nìyí o, tó ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe àkọlé ìwé ìròyìn ìjọ.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Ayọnilẹ́nu – orúkọ tí mo sọ ọkàn mi láti ilé ìwé girama – sáré láti aago méjì títí di mẹ́rin. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Dókítà Rọra pè mí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn kan ń bọ̀ ní Oṣù Kìíní. Ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa yan orúkọ. Ẹni tí wọ́n ti là láyà rí, wọn ò ní yàn án láìrí ìwé ohun tí wọ́n ṣe ní àkọ́kọ́. Ó ti gbìyànjú láti kàn sí ọsibítù Íńdíà náà. Wọ́n ti pa á dé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní tí n kò bá rọ́wọ́ mú lọ́tẹ̀ yìí, òun ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa wá, òun ò sì fẹ́ kí n dúró.

Nítorí náà, ẹ̀mí mi wà nínú àpótí, Kọ́kọ́rọ́ sì ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Ọrùn ẹsẹ̀ mi wú. Bàtà ìdúpẹ́ mi kò wọlé. Màámi rí i. Wọ́n jáde, wọ́n padà dé pẹ̀lú bàtà tuntun tó fi nọ́ńbà méjì ju tèmi lọ.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Mo fẹ́ sọ bàtà náà lu ògiri. Mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n pè wá jáde. Kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí, ó gbé ìwé sókè. Kó tó dé orí ètè dúdú, mo na ọwọ́, mo ní lọ́dún yìí kí wọ́n jẹ́ kí n fúnra mi kà á fún ìjọ. Níwájú gbogbo èrò, kò rí bí á ṣe kọ̀.

Mo ń kà á lédè òyìnbó, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ihò tí wọ́n dí. Ọ̀nà tó há tí wọ́n là, àti aṣọ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mo dé ìsàlẹ̀. "Ọmọ yìí yóò nílò iṣẹ́ abẹ mìíràn kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún." Mo kà á síta.

Ìlà kan ṣẹ́kù. "A ti ṣàlàyé èyí fún ìyá ọmọ, ó sì ti buwọ́ lù ú." Ìbuwọ́lù Màámi wà níbẹ̀, èyí tó wà lórí gbogbo káàdì èsì ìdánwò mi. Wọ́n dúró tì mí. Wọn ò jó.

Mo fo ìlà náà. Mo ní, "Ẹ bá wa yin Olúwa." Mo ká ìwé sínú báàgì. Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ láti gbà á. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Màámi mọ̀. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí mo ń lóṣòó lórí pápá láti mí, tí wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Kí ló wá dé tí mo fo ìlà yẹn?

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Màámi tẹ ẹ̀bà. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

Mi ò ní kí Màámi tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù. Kí n tó jáde ní yàrá, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n wà lẹ́nu géètì.

Dókítà Rọra ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tóun nílò gan-an nìyí, orúkọ mi á wọlé lónìí. Ó wá dé ìlà ìkẹyìn. Ó béèrè jẹ́jẹ́, ta ni wọ́n ṣàlàyé fún? Mo ti la ẹnu láti parọ́ pé màmá mi àgbà ni, wọ́n ti kú.

Màámi ní, "Èmi ni."

Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, láti Ṣàgámù. Ibùsùn rẹ̀ ló tẹ̀ lé tìẹ. Àárọ̀ kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀yin méjèèjì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìwọ nìkan ló jáde láàyè. Èmi ni mo bá ìyá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Ìgbà tí wọ́n wá ní màá tún gbé ọ padà wá, mo buwọ́ lù ú kí wọ́n ṣáà lè jẹ́ ká máa lọ sílé."

Wọn ò sunkún. Ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀. Ìbínú mi ṣì wà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí màá gbé e kalẹ̀ mọ́.

Dókítà fún mi ní ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ. Mo buwọ́ lù ú. Màámi fa gíláàsì wọn yọ, wọ́n kà á, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ibo ni ìyá ti ń buwọ́ lùwé?"

Dókítà Rọra ní kò pọn dandan, mo ti dàgbà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọn ò fi bírò sílẹ̀.

Mo sún ìwé náà sọ́dọ̀ wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.