Bí Síkírù Ṣe Ka Páálí Géèmù Fún Mi

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Agbo Ilé Alápatà,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1994.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Jíbrílù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ẹ̀pẹ́? Hàwáwù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Morufat, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe Síkírù mọ́.

Fi mí rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ti wọ̀ mí lẹ́wù. Nítorí pé iná kì í dúró, mo lọ bá Síkírù ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmàgbò, kí ó ta géèmù pélébé tí a ń dì mọ́wọ́ fún mi, èyí tó ń lo bátìrì. Ó gbé páálí rẹ̀, ó kà á sí mi létí pé àwọ̀ inú rẹ̀ pé bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Mo gbà á gbọ́. Láti ogún ọdún, ta ló ń kàwé fún mi bí kì í ṣe òun?

Mo délé, mo tàn án. Ojú rẹ̀ rí bí omi ewé tó ti ṣá. Ẹlẹ́wù pupa, ẹlẹ́wù funfun, eérú ni gbogbo wọn. N kò mọ ẹni tí ǹ bá gbá bọ́ọ̀lù sí. Bí wọ́n bá sì ṣùjọ níwájú àwọ̀n, àwọn mìíràn á pòórá, àwọn tó kù á máa wọ́ bí ẹni tó ru igi tútù.

Morufat ka páálí náà. Ó ní, "Bàbá, kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, agbára rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò ní àwọ̀."

Mo gbé e padà. Síkírù bú sẹ́rìn-ín lójú àwọn ọlọ́jà. "Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé, àwọ̀ wo lẹ tún ń wá?"

Mo ní, "Síkírù, ìwọ lo kà á fún mi."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tajà ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ẹni tó lè ka irọ́ lára páálí, kí ni kò lè kà nínú lẹ́tà? Lẹ́tà tí o kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló kà á. Ó ní o sọ pé kí n má tẹ ẹsẹ̀ sí oko bàbá wa mọ́, pé ará Èkó ni mí. Inú bí mi, mo fa ìwé náà ya lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́lòmíràn tó rí i. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Síkírù ní kí n ta ìpín mi nínú oko náà fún òun. Mo kọ̀, ṣùgbọ́n n kò wá sílé fún ọdún Iléyá mọ́.

Jíbrílù, kí ni o kọ? Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ tìrẹ, tún un kọ. Morufat á kà á, n ó sì gbà. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, fi gbólóhùn kan ránṣẹ́, n ó wọ mọ́tò wá bẹ̀ ọ́.

Bá mi kí Hàwáwù àti gbogbo ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí èsì,
Mọ̀núrù.
(Ìka ọwọ́ mi ni mo tẹ̀ síbí.)